Ọ̀sẹ̀ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Nínú Igbó

Ọjọ́ Àìkú

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ àgọ́. Yìnyín ti yọ́ tán lórí òkè, ilẹ̀ ṣì rin, àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì wà ní títì. Iṣẹ́ tó gbé wa wá ni pé kí a tún àwọn ọ̀nà tóóró tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ òkè máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ láàárín igbó ṣe, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Iṣẹ́ tó ní àsìkò ni. Ìgbà tí ọ̀rinrin bá ṣì wà nínú erùpẹ̀ la máa ń ṣe é, nítorí erùpẹ̀ tó ti gbẹ di eruku kò ṣeé kì mọ́lẹ̀, èyí tó sì ti di ẹrẹ̀ kò ṣeé mọ sí ìrísí kankan.

Kí a tó já ẹrù, Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ikọ̀ wa ní kí oníkálùkù kọ́kọ́ fọ bàtà rẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àti gbogbo irinṣẹ́ tó bá ti igbó mìíràn bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè é ní àṣejù. Bẹ́ẹ̀, erùpẹ̀ bíńtín tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà ti tó láti gbé àrùn igi láti igbó kan dé òmíràn. Bí àrùn tó ń pa igi kauri ní New Zealand ṣe ń tàn kálẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi ti ọ̀pọ̀ ipa ọ̀nà pa níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé ibi tí a ti ń fọ bàtà sí ẹnu ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù.

Ọjọ́ Ajé

Ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ́ lónìí. A fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré tí a fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, a sì ń gún àsíá pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀ níbi tí iṣẹ́ wà: pupa fún ibi tí omi ti ń bà jẹ́, aláwọ̀ búlúù fún ibi tí òkúta yóò wọ̀, funfun fún igi tó wó. Ó wu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa kí a bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ọ̀nà látòkè délẹ̀, ọgbẹ́ ni yóò máa wẹ̀, kò ní rí ohun tó dá ọgbẹ́ náà.

Òfin tí a fi ń wo ọ̀nà kò pọ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó gbà kọjá lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá dà ní ìdá 20 nínú 100, ìyẹn ni pé ó ń rẹlẹ̀ ní mítà 20 nínú mítà 100, ọ̀nà tí a là sí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dà ju ìdá 10 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi tó ń ti òkè bọ̀ kò ní ré ọ̀nà kọjá mọ́, inú ọ̀nà gan-an ni yóò yà sí, yóò sì máa bá a lọ sísàlẹ̀, yóò máa yára sí i, yóò máa kó erùpẹ̀ lọ. Ìkejì ni pé bí a bá wo ọ̀nà náà lápapọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan lè ga ju ibì kan lọ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ òkè, International Mountain Bicycling Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1988, wà lára àwọn tó sọ irú òfin báyìí di ohun tí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀.

Bí a ṣe ń lọ ni mo ń rí i pé nǹkan tó ń ba ọ̀nà jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, ipò onílé yẹn gan-an la sì wà níbí. Níbi kan tó tẹ́jú lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, omi ti dúró di ọ̀gọ̀dọ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì ti ń yà fún un láti ọdún tó kọjá, ẹni tó yà sọ́tùn-ún yà, ẹni tó yà sósì yà, títí ọ̀nà tí kò yẹ kó fẹ̀ ju mítà kan lọ fi di mẹ́rin, tí gbòǹgbò igi fi hàn síta. Lójú tèmi, ẹni tó gba àárín ẹrẹ̀ náà kọjá tí aṣọ rẹ̀ rin gbindin ṣe ọ̀nà lóore ju ẹni tó yà fún un lọ. Èyí tó dára jù lọ ni kó padà sílé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Igi tó wó ni a fi gbogbo òwúrọ̀ gé. Àwọn méjì péré ló ní ìwé ẹ̀rí láti lo ayùn ẹ́ńjìnnì nínú wa, àwa yòókù ń yí ìtì igi kúrò lọ́nà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ súnmọ́ wọn tí ayùn bá ń ké, àwọn fúnra wọn sì wọ akoto pẹ̀lú awò, ohun ìdí etí, àti ṣòkòtò tó nípọn níwájú, èyí tí òwú inú rẹ̀ máa ń fa yọ láti há ẹ̀wọ̀n ayùn bó bá ṣèèṣì kan ẹsẹ̀.

Kí wọ́n tó gé igi kan, wọ́n á kọ́kọ́ yí i ká láti wo ibi tí agbára wà nínú rẹ̀. Igi tí ìdí àti orí rẹ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ rọ̀ lófuurufú, apá òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń fà. Bí èèyàn bá gé e láti òkè nìkan, ojú ibi tó gé á padé, á há ayùn mọ́nú. Nítorí náà, wọ́n á gé díẹ̀ wọ inú apá tó ń fún pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá parí rẹ̀ láti apá tó ń fà. Àwọn igi kékeré tí igi ńlá wó lé, tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ sábẹ́ rẹ̀, ni mo bẹ̀rù jù, nítorí bí wọ́n bá já lójijì, ipá tí wọ́n á fi nà padà lè ṣẹ́ eegun.

Igi kan wà tí Ẹ̀gbọ́n ní kí a má ṣe gbé kúrò. Ó tẹ́ lọ gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà, ara rẹ̀ ṣì le koko, ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa lè gba orí rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ọ̀nà igbó tí a bá ha títí tó fi mọ́ kedere kò yàtọ̀ sí ọ̀nà inú ìlú mọ́.

Lọ́sàn-án, a gé ẹ̀ka tó ń dí ojú ní àwọn kọ́nà, kí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè lè rí ẹni tó bá dúró níwájú. A fi igbó ṣúúrú kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án nítorí ẹyẹ tó ń sàba nínú rẹ̀. A ó padà sí i nígbà tí àwọn ọmọ bá ti fò lọ.

Ọjọ́rú

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí, ojú rẹ̀ dà díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀ òkè, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, kí omi lè ré e kọjá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìdúró. Ṣùgbọ́n bí táyà ti ń tẹ àárín mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti erùpẹ̀ sí etí, títí etí ìta yóò fi ga ju àárín lọ, tí ọ̀nà yóò sì di gọ́tà. Omi tó bá ti wọ inú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ríbi jáde mọ́. Iṣẹ́ òní ni láti gé etí náà wálẹ̀, kí a sì dá ìdagẹ̀rẹ̀ ìta padà, láti ibi àsíá pupa kan dé òmíràn.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún un ni McLeod. Orúkọ Malcolm McLeod, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba kan ní Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní 1905, ni wọ́n fi pè é. Ojú rẹ̀ kan jẹ́ ọkọ́ tó fẹ̀, ìkejì ní eyín ṣáká bíi ti rákè. Eyín la fi ń fa ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kúrò, ojú ọkọ́ la fi ń gé etí ọ̀nà, bí a bá sì gbé e dúró lóòró, pẹlẹbẹ irin rẹ̀ la fi ń gbá erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè le. Kì í ṣe irinṣẹ́ tí a ń gbé kọ́ èjìká. Ọwọ́ la fi ń gbé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ní ìhà ìsàlẹ̀ òkè, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, a ó jù ú nù dípò kí a ṣubú lé e. Àlàfo mítà 3, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì.

Gígé etí nìkan kò tó níbi tí omi bá pọ̀. Níbẹ̀, a máa ń la ẹnu fún omi. A ó ha ojú ọ̀nà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdajì òbìrí tó fẹ̀ tó mítà 3, tí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú rẹ̀ yóò jẹ́ etí ìta, tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè tó ìdá 15 nínú 100. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò gbẹ́ kòtò tóóró kan dábùú ọ̀nà, yóò sì pe ìyẹn ní ojú omi. Ewé tí ìjì bá gbá jọ lẹ́ẹ̀kan péré yóò dí i. Èyí tó fẹ̀, tó sì rọra rẹlẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbá a mọ́. Àmì pé a ṣe é dáadáa ni pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kọjá kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀.

Àbúrò tó kéré jù nínú wa sinmi lé ọkọ́ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a kúkú gbé igi gbọọrọ dábùú ọ̀nà, kí omi lè yà? Ṣebí ìyẹn yára."

Ẹ̀gbọ́n ní: "Ó yára lóòótọ́. Yóò sì ṣiṣẹ́ títí iyanrìn yóò fi kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ ni yóò máa wá kó iyanrìn náà ni? Tí igi yẹn bá tún wá tutù, táyà tó bá gùn ún yóò yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Nígbà tí a parí èyí tó wà lókè pátápátá, Ẹ̀gbọ́n tú omi ìgò mímu wọn sí ojú ọ̀nà, nǹkan bí ìṣísẹ̀ mélòó kan sókè. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Omi náà rìn lójú ọ̀nà, ó ti ewé igi páìnì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ síwájú, ó dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó dúró pẹ́ẹ́, ó wú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó yà sósì, ó tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, ó sì kọjá létí ọ̀nà láìmú erùpẹ̀ dání. Ewé náà ha sí orí koríko. A kò sọ nǹkan kan, a kàn gba orí èyí tó kàn lọ.

Ohun kan tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn tuntun ni ibi tí erùpẹ̀ tí a gé kúrò ń lọ. Kò gbọdọ̀ kó jọ sí etí ọ̀nà, nítorí òkìtì tí a fi síbẹ̀ ni yóò tún di etí gíga. A máa ń fi ṣọ́bìrì sọ ọ́ jìnnà sí ìsàlẹ̀ òkè, kó fọ́n ká láàárín ewé, bí kò bá jẹ́ pé a nílò rẹ̀ níbòmíràn.

Ọjọ́bọ̀

Òjò bẹ̀rẹ̀ lóru, kò sì dá títí di ọ̀sán. Gígé ilẹ̀ kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó dára tó báyìí fún ṣíṣe àyẹ̀wò. A wọ aṣọ òjò, a sì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gòkè, a kò tẹ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀, a ń tẹ̀ lé omi.

Àwọn ẹnu omi àná ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀gọ̀dọ̀ tó sọ ọ̀nà di mítà mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé jẹ́ ẹ̀rí pé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ kọ́ ni omi ti wọlé. Lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kọ́nà mẹ́ta, odò kékeré kan tí kì í sàn bí kò bá sí òjò ń ti ààrin àpáta jáde, ó ń bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì ń bá a rìn láìsí ohun tó dá a dúró títí ó fi dé ibi tó tẹ́jú, tó wá dúró síbẹ̀. Bí a bá kó òkúta kún ọ̀gọ̀dọ̀ náà láìṣe ohunkóhun lókè, omi yóò kàn wá ibòmíràn tẹ́ sí ni. Ẹ̀gbọ́n fa àsíá búlúù tu nísàlẹ̀, wọ́n sì lọ gún un sí ibi tí omi ti ń wọ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni a ó fi òkúta tẹ́ lọ́la, kí omi lè gba orí rẹ̀ kọjá síhà kejì. Ọ̀gọ̀dọ̀ yóò gbẹ fúnra rẹ̀.

A lo ìyókù ọjọ́ lábẹ́ òrùlé, a ń pọ́n irinṣẹ́. Àwọn Pulaski ló kú jù, nítorí gbòǹgbò la fi ń gé. Àáké wà lójú kan, ọkọ́ tóóró wà lójú kejì. Ed Pulaski, ẹ̀ṣọ́ igbó ní Idaho, ni wọ́n máa ń sọ pé ó fún wa ní i ní 1911. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, nígbà tí iná ńlá 1910 jó igbó níbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò ìwakùsà kan, tó sì dá wọn dúró síbẹ̀ títí iná fi kọjá; àwọn kan kú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù là á já. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe nítorí iná ni àwa ń fi bá omi jà.

Ọjọ́ Ẹtì

Òkúta. Iṣẹ́ tó wúwo jù lọ nìyí, òun náà ló sì máa ń pẹ́ jù lọ láyé.

Òkúta tó wúlò kì í sábà wà nítòsí. Ìsàlẹ̀ àpáta kan ni a ti yọ ọ́, a sì fi àwọ̀n tó ní ibi ìdìmú gbé e, ènìyàn mẹ́rin sí òkúta kan, ẹni kan ń pe ìṣísẹ̀. Àwọn kan máa ń lo ẹ̀rọ ìwalẹ̀ kékeré fún irú èyí, ó sì yára lóòótọ́, àmọ́ nínú igbó tó dí báyìí, ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà yóò là kó tó dé ibi iṣẹ́ máa ń fa iṣẹ́ mìíràn.

Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. A kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀dú kúrò títí a fi kan ilẹ̀ tó le, nítorí ewé jíjẹrà máa ń rọ̀, ohun tó bá sì jókòó lé e yóò rì. Òkúta tó tóbi jù lọ ni a rì sí ìsàlẹ̀ pátá, kí ó lè di èyí tí gbogbo àwọn yòókù yóò fẹ̀yìn tì. Òkúta kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ gbọdọ̀ wà nínú ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó tẹ́jú nìkan hàn. Ó máa ń dun àwọn tuntun láti rí òkúta tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ kó wọlẹ̀, wọ́n á fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ̀, kó lè gba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tó tẹ́ sórí ilẹ̀ láìwọlẹ̀, bíréèkì kan ṣoṣo ni yóò ṣí i nídìí.

Ojú ìpàdé òkúta kan àti èkejì kò gbọdọ̀ bá ọ̀nà lọ tààrà, nítorí táyà lè há sí i, omi náà sì lè máa tọ̀ ọ́. Bí òkúta kan bá ti wọlẹ̀ tán, ẹni tó tò ó yóò gun orí rẹ̀, yóò mi ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá mì, kódà díẹ̀, a ó yọ ọ́. Mo rí òkúta kan lónìí tí a yọ títí tí a kò fi fẹ́ wojú ara wa mọ́, ìdí rẹ̀ ní ìkókó kan tí kò jẹ́ kó jókòó, àfìgbà tí ẹnì kan ronú láti yí i padà, kí ìhà kejì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Níkẹyìn, a fi òkúta wẹ́wẹ́ kì àwọn àlàfo, a sì fi òòlù gbá a wọlé títí ohùn rẹ̀ fi yí padà láti èyí tó ṣófo sí èyí tó kún.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, omi ti ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kọ́nà ńlá tó wà nísàlẹ̀ ni a mú lówùúrọ̀. Ìta rẹ̀ ní ògiri erùpẹ̀ tí ẹni tó ń sáré bọ̀ yóò fara tì láti yà, ògiri náà sì ti sán. Erùpẹ̀ tí a fi tún un mọ ni èyí tí a gé lọ́jọ́rú. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó dára ni pé a ó bù ú sí àtẹ́lẹ́wọ́, a ó fún un pọ̀: bó bá ń ro omi, ó ti rin jù, bó bá fọ́ yángá nígbà tí a la ọwọ́, ó ti gbẹ jù, bó bá dì, tí a sì lè ṣẹ́ ẹ sí méjì láìsí pé ó tú ká, òun la fẹ́. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ń dà, a ó gbá a mọ́lẹ̀, kí a tó da òmíràn lé e. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó wá gbá òkè rẹ̀, èèpo nìkan ló le. Ẹsẹ̀ ògiri náà ní inú nílò ẹnu omi tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́nà yóò di àwokòtò.

Ṣáájú kọ́nà náà, ilẹ̀ ti di ebè àti poro bíi ti oko iṣu, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń tẹ bíréèkì. Dída erùpẹ̀ sínú poro kò wúlò, kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ni yóò kó o jáde. A ro gbogbo rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ poro tó jìn jù, a pò ó pọ̀, a tún un kì. Kò ní pẹ́ títí, mo mọ̀, àfi bí a bá dín eré kù kí ẹnì kan tó dé ibẹ̀. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n fi àmì sílẹ̀ fún ìgbà ìwọ́wé, pé kí a gbé ọ̀nà náà gun òkè díẹ̀ ṣáájú kọ́nà, kí òkè fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ bíréèkì.

Afárá pákó tó wà lórí odò ìsàlẹ̀ ni a yẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Pákó òkè rẹ̀ dára, wọ́n tò ó dábùú ìrìn kí táyà má baà há, wáyà tí wọ́n kàn mọ́ ọn láti má jẹ́ kó yọ̀ sì ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìtì tó gbé e ró ni ìṣòro wà. Níbi tó ti kan ilẹ̀, tọnọfíìsì tí a fi gún un wọlé títí dé ibi tí ọwọ́ ti dì í mú láìlo agbára, ohun tó sì bá a jáde jẹ́ búráwùn, ó rọ̀, ó ń rùn bí olú. A tẹ ìhà kejì, bákan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtì tuntun gbọdọ̀ gùn kọjá bèbè méjèèjì, kó jókòó lórí òkúta, kó má sì kan ilẹ̀ níbikíbi. A ṣí apá òkè ọ̀nà fún gígùn láti àárọ̀ ọ̀la, a fi àmì aláwọ̀ búlúù onígun mẹ́rin tó ń sọ bí ọ̀nà náà ṣe le tó padà sí ẹnu rẹ̀, a sì fi pákó dábùú ibi tí a ti ń yà sí afárá. Títí ìtì yóò fi dé, ọ̀nà ọkọ̀ àwọn agégi ni ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò gbà dé ìsàlẹ̀.